Íǹṣì Méjìlélógójì

Aránṣọ tó yá mi ní téèpù lọ́jọ́ náà rò pé orí mi ti ń yí ni. Ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ ló jókòó sí lẹ́bàá ojú irin ní ọjà Bódìjà, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi di etí téèpù mú, mo fẹ́ wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Ó wò mí láti orí dé bàtà. "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún rélùwéè ni?" Àwọn aláta tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó dìde, ó ká ìró sókè díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di òdo téèpù mọ́ etí inú irin ọwọ́ ọ̀tún, èmi na ìyókù dé etí inú ti òsì. Íǹṣì 42. Ó yọjú wo nọ́ńbà náà, ó ní, "Ìdí ìyá ìyàwó nìyí. Yáàdì mẹ́ta kò ní tó o fún un."

Àwòrán kan ló fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ń kàwé ní Kagoshima, lápá gúúsù Japan. Lópin ọ̀sẹ̀ kan, ó fi àwòrán tésàn rélùwéè kékeré kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kareigawa ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọdún 1903 ni wọ́n ṣí i, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, pákó ara rẹ̀ sì ti dúdú bí igi àjà tí èéfín ti ń fín láti ayé bàbá ńlá ẹni. Kò sí tésàn mástà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ọkọ̀ á dé, dírẹ́bà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá ń wọlé á fa ìwé pélébé kan tó ní nọ́ńbà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó bá fẹ́ sọ̀, á wo iye tí nọ́ńbà rẹ̀ kàn lórí pátákó iwájú, á ju owó sínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ariwo, kò sí "ṣéńjì mi dà?" Irú tésàn tí kò ní òṣìṣẹ́ báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo èyí tó wà ní Japan. Ó wá fi ìbéèrè kan tì í nídìí: "Ǹjẹ́ ẹ ní irú èyí n'Íbàdàn?"

Inú bí mi díẹ̀. Kíá ni mo tẹ èsì padà pé 1901 ni wọ́n ti ṣí rélùwéè Dùgbẹ̀, ọdún méjì ṣáájú tiwọn. Ẹ̀yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ni ojú wá tì mí. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Agbowó, n kò mọ iye ìgbà tí mo ti kọjá níwájú tésàn Dùgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò wọ inú rẹ̀ rí lọ́jọ́ kan. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ti í mọ aládùúgbò tí kì í kí. Mo bá dá ọjọ́ Sátidé sí i: n ó bẹ̀rẹ̀ láti Dùgbẹ̀, n ó tọ irin náà lọ sí apá Òṣogbo títí n ó fi kan tésàn kan tí kò ní òṣìṣẹ́, n ó ya tèmi náà, n ó fi ránṣẹ́ sí i.

Máíkírà ni mo wọ̀ ní Agbowó. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sí i: orúnkún mọ́ àyà, ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíì nínú ìhà. Ó sọ sí mi lọ́kàn ní Sángo pé ilé iṣẹ́ Nissan ti Japan ló ni mọ́tò yìí, pé kòrópé tó ń fun fèrè lẹ́yìn wa, Suzuki ni, ará Japan náà ni. Àwọn tó ń wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ló ṣe mọ́tò tí àwa fi rọ́pò rélùwéè. N kò rí ẹni tí n ó sọ ọ́ fún. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó lé apá mi.

Ilé Kòkó lojú kọ́kọ́ ń bá ní Dùgbẹ̀, àjà 26, èyí tí wọ́n parí ní 1965. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló sọ Dùgbẹ̀ di Dùgbẹ̀. Irọ́ ni. Rélùwéè ni. Kí rélùwéè tó dé, Ọjà Ìba lẹ́sẹ̀ òkè Màpó ni ojú ìlú. Ibẹ̀ ni ìjòyè ń jókòó sí, ibẹ̀ ni owó ń ná sí. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin láti Ìdó l'Ékòó. Ó gba Ọ̀tà, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí i fún ìlò. Wọn kò gbé tésàn sí àárín ìlú, apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n gbé e sí, níbi tí ilé kò tíì pọ̀. Ọjà ló wá dìde lọ bá a. Àwọn oníṣòwò òyìnbó kọ́ ilé ìkẹ́rùsí wọn yí i ká, àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀ lé wọn, kòkó tí alárù ìbá fi orí rù lọ sí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá ń dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Títí dòní, ọmọ Bẹẹrẹ tàbí Òjé tó bá fẹ́ lọ sí báńkì á ní òun ń lọ sí Dùgbẹ̀, bí ẹni ń lọ sí ìlú mìíràn.

Ẹ wo Sábó náà ní Mọ́kọ́lá. Ní 1916 ni wọ́n dá àdúgbò yẹn sílẹ̀ fún àwọn Haúsá. Irin yìí sì ti kan Kánò láti 1912. Obì ń gòkè láti ibí lọ sí Òkè Ọya nínú wágùnù rélùwéè, màlúù àti ẹ̀pà ń sọ̀ wá. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Abner Cohen wá gbé láàárín àwọn ará Sábó, ó sì kọ odidi ìwé kan lórí wọn àti òwò wọn, èyí tó jáde ní 1969. Ẹni tó ń jẹ súyà ní Mọ́kọ́lá lálẹ́ òní, ìdí rélùwéè ló jókòó sí, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Lẹ́nu géètì tésàn Dùgbẹ̀, bàbá kan tó wà níbẹ̀ bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ní mo wá wo tésàn ni.

"Ẹ wá wo tésàn?" Ó tún un sọ bí ẹni tó gbọ́ èdè tí kò yé e. "Kò sí ọkọ̀ èrò níbí lónìí o. Ẹ̀ bá lọ sí Mọ́níyà."

Mo ní mo mọ̀, Bàbá, ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ rí. Ó rò ó, ó wo ọwọ́ mi bóyá mo gbé nǹkan dání, ó wá ní kí n wọlé, ṣùgbọ́n kí n má ya fọ́tò. Nítorí náà tésàn Dùgbẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo ń wá. Ó ní olùtọ́jú, ó ní ọ́fíìsì, ó ní ẹni tí í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Ọkọ̀ nìkan ni kò ní lọ́jọ́ náà.

Mo jókòó sórí plátfọ́ọ̀mù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ariwo Dùgbẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, àwọn tó ń pe "Àpáta, Àpáta," àwọn tó ń ta oògùn ikọ́ pẹ̀lú gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n bó bá ti dé orí irin, ó dà bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi àtàńpàkò fọ ẹ̀gbẹ́ irin kan. Lẹ́tà wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin láti ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, ṣùgbọ́n ìpata ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán àyàfi nọ́ńbà kan, tó lè jẹ́ 3, tó sì lè jẹ́ 8. Ọwọ́ mi pọ́n bí ẹni tó fọwọ́ kan osùn. Sílípà irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti rì sínú ilẹ̀, koríko sì ti hù jáde láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta ń jẹ ẹ́ ní ìtẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, bí kóòṣì mẹ́ta.

Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Kì í ṣe òru ọjọ́ kan. Ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, 1906 ni wọ́n là á, kí ẹrù lè máa ti òkè wá bá ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ rélùwéè. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà dàgbà, ó gba ìyàwó lọ́wọ́ ọ̀gá. Ní 1978 tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tó bá ń kánjú kò ní ìdí láti jókòó ti ọkọ̀ tó ń yí òkè po. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 yẹn náà, ìjọba pe àwọn ará Íńdíà wá bá wa tún rélùwéè ṣe. Wọ́n ṣe é dé ibi tí agbára wọn mọ, wọ́n padà sílé. Ní ìparí 2012, ọkọ̀ èrò tún gbéra l'Ékòó lọ sí Kánò lórí irin àtijọ́ yìí, inú gbogbo wa dùn. Nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, Ọ̀ṣun a máa gba ọkọ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń lọ ṣọdún nílé, àwọn èèyàn á sì fún mọ́ ara wọn nínú kóòṣì gba Ìbàdàn kọjá sí Òṣogbo. Lẹ́yìn ọdún, kóńkó tún jabele.

Mọ́níyà tí bàbá géètì darí mi sí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Irin tuntun ló wà níbẹ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, 2021, kìlómítà 157 láti Èkó. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tutù, ó sì ń sáré, n kò ní bú u. Ẹ̀hónú tí ará Ìbàdàn ní sí i ni pé kí èèyàn tó ti Challenge tàbí Ríìngì Róòdù dé Mọ́níyà, ó ti lo ìdajì àkókò tí ọkọ̀ fẹ́ lò dé Èkó. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni orúkọ. Tésàn Mọ́níyà, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ní Omi Àdìó, Ládòkè Akíntọ́lá. Ẹni tó bá mọ ìjà òṣèlú tó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962 mọ̀ pé láti ọdún yẹn, àwọn àgbà méjèèjì kò jọ wọ ọkọ̀ kan náà mọ́. Ní báyìí, ọkọ̀ kan náà ló ń kúrò lọ́dọ̀ ọ̀kan lọ kí èkejì. Ó sì tọ́ sí Akíntọ́lá ju ọ̀pọ̀ lọ: ó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè rí, kí ó tó lọ di olóòtú ìwé ìròyìn.

Láti Dùgbẹ̀ ni mo padà sí Bódìjà, níbi tí irin àtijọ́ ti gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá, ibẹ̀ sì ni mo ti bá aránṣọ wa pàdé. N kò lọ síbẹ̀ láti wọn nǹkan kan. Bí mo ṣe ń wo irin méjèèjì tí ẹrẹ̀ ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán, ni mo rántí ohun kan tí mo ti kà, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Íǹṣì 42, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀ nìyẹn. Bí a bá fi ti òde òní kà á, mìlímítà 1,067. Ìwọ̀n kan náà gan-an ni ti Kareigawa. Nígbà tí Japan ń ṣe rélùwéè rẹ̀ àkọ́kọ́ láti Shimbashi ní Tokyo sí Yokohama ní 1872, àwọn ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì ló bá wọn tẹ́ ẹ, ìwọ̀n yìí ni wọ́n sì mú. Nígbà tó kan Èkó, òun náà ni. Gánà ń lò ó, New Zealand ń lò ó. Owó ló fà á: irin tó súnmọ́ra kò gba ilẹ̀ púpọ̀, ó rọrùn láti yí i po lẹ́sẹ̀ òkè, afárá rẹ̀ kò ní láti fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó sí Ìbàdàn fi lọ́ bí ìfun, tó sì fi bí ọgbọ̀n kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gùn ju tuntun lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kò lè sáré púpọ̀ lórí rẹ̀. Japan mọ èyí, ni wọ́n ṣe tẹ́ irin fífẹ̀, mìlímítà 1,435, fún Shinkansen, ọkọ̀ asáré wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Àwa náà tẹ́ fífẹ̀, ìwọ̀n 1,435 kan náà, tí a ṣí ní 2021. Títí dé ibẹ̀, a jọ ń bọ̀ ni. Ibi tí a ti yà ni pé wọn kò torí fífẹ̀ sọ tóóró nù. Shinkansen ń gbé oníṣòwò láti ìlú ńlá sí ìlú ńlá. Irin íǹṣì 42 ń gbé ìyá arúgbó lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ń gbé ọmọ ilé ìwé lọ, ó ń gbé e bọ̀. Fún tiwa, ọjọ́ tí ìyàwó tuntun wọlé ni ìyáálé ti di aláìsí.

Ìtàn kan wà tí ayé gbọ́ láti Japan, nípa tésàn Kyu-Shirataki ní Hokkaido, níbi tí yìnyín pọ̀ sí. Wọ́n ní nítorí ọmọ ilé ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, pé ọjọ́ tó jáde ìwé ni wọ́n ti í. Àwọn tó ń pín ìròyìn náà kiri bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kódà orúkọ tésàn mìíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ. Ohun tó dájú ni pé ọmọbìnrin kan ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lọ sílé ìwé, pé oṣù Kẹta 2016 ni wọ́n sì ti tésàn náà, nígbà tí sáà ìwé parí. Mo ro ìtàn yìí bí mo ṣe dúró ní Bódìjà. Láti ibẹ̀, Yunifásítì kò jìnnà, Pólì kò jìnnà, Agbowó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ bí esú. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó rí wọn létí títì, ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí máíkírà. Ní Japan, abúlé ń ṣófo, ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá, èrò ló tán tí tésàn fi ṣófo. Tiwa kò ṣófo rárá. Wọ́n ń gé pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sá ata sí i, wọ́n ń rán ṣòkòtò níbẹ̀. Ọkọ̀ ló tán.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìwó Róòdù, mo sì wọ ọkọ̀ Lálúpọn níbẹ̀. Láàárín Mọnatàn àti Olódó ni mo ti kiwọ́ bọ àpò láti mú owó ọkọ̀, ohun rọ̀bọ̀tọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀. Téèpù obìnrin náà ni.

Lálúpọn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagelu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìwó. Ìpele kejì iṣẹ́ rélùwéè ló kàn án, èyí tó kúrò n'Íbàdàn tó sì dé Òṣogbo ní 1907. Nítorí náà Kareigawa bọ́ sí àárín wa: Dùgbẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ó ju Òṣogbo lọ díẹ̀. Ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ èèyàn ni, aṣọ kan náà ni wọn ì bá dá.

Ọmọdékùnrin kan ló júwe tésàn fún mi, kò sì yé e ìdí tí mo fi ń béèrè. Ilé pẹ̀tẹ̀lẹ̀ kan ni, páànù rẹ̀ ti pọ́n bí iyanrìn odò. Ibi kan wà lára ògiri, fèrèsé kékeré bíi ti ilé ìta oògùn, ó kàn mí ní àyà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ orí ba mo sì wo inú: àpò sìmẹ́ńtì òfo méjì, àti agbọ̀n adìẹ. Ìsàlẹ̀ fèrèsé náà ti jẹ, ó yọ̀, ó mọ́, ó rí bí etí ọlọ. Ìgbọ̀nwọ́ èèyàn ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ tèmi lé e, ó wọ ibẹ̀ bí ẹyin ti í wọ ìtẹ́.

Lórí plátfọ́ọ̀mù, obìnrin kan sá láfún sórí ọ̀rá dúdú, ó funfun báláú lábẹ́ oòrùn. Mo kí i, ó dáhùn. Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí àga lábẹ́ òjìji ilé náà, ó ní gáńgì ni òun nígbà tí òun lè gbé nǹkan, àwọn tí í tọ́jú ojú irin. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń pe ẹni tó wà níbí ní tésàn mástà, pẹ̀lú bí tésàn ṣe kéré tó.

"Kéré?" Bàbá gbójú sókè. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú irin kan ló wà. Èyí tó ń bọ̀ láti Òṣogbo àti èyí tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ojú irin kan náà ni wọ́n wà. Ta ni kò ní jẹ́ kí wọ́n pàdé? Tésàn mástà ni. Òun ló máa fún dírẹ́bà ní àmì. Dírẹ́bà tí kò bá gba àmì, kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀, ì báà jẹ́ gómìnà ló gbé."

Àmì tí Bàbá ń sọ, ohun irin ni, wọ́n máa ń so ó mọ́ òrùka ńlá kan kí dírẹ́bà lè fi apá gbà á lórí eré. Ojú ọ̀nà tí àmì kò bá tíì kúrò lórí rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn kò lè gbà á. Wọ́n lo irú ètò yìí ní Japan náà. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kó òṣìṣẹ́ kúrò ní àwọn tésàn kéékèèké ni pé wọ́n gbé iṣẹ́ àmì náà fún iná mànàmáná: ẹnì kan jókòó nínú yàrá ní ìlú ńlá, ó ń rí gbogbo ọkọ̀ lórí pátákó, ó ń ti ibẹ̀ darí síginá tó wà ní ọ̀nà jíjìn réré. Tésàn ṣófo, ṣùgbọ́n ojú ń wò ó. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé èyí fún Bàbá láì jẹ́ kí ó dà bí ìyájú, nítorí náà mo sọ ti ológbò fún un.

Ìtàn tòótọ́ ni. Ní 2006, wọ́n kó òṣìṣẹ́ tó kù ní tésàn Kishi kúrò, ní agbègbè Wakayama, nítorí pé owó kò wọlé mọ́. Ológbò kan wà tó ń jókòó síbẹ̀, Tama lorúkọ rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2007, ilé iṣẹ́ rélùwéè náà fi ológbò yìí jẹ tésàn mástà, wọ́n rán fìlà iṣẹ́ fún un, oúnjẹ rẹ̀ sì ni owó oṣù rẹ̀. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkèèrè wọ ọkọ̀ wá wo ológbò, ojú irin tó ti fẹ́ kú jí padà. Nígbà tí Tama kú ní 2015, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá síbi ìsìnkú rẹ̀.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó dáadáa. "Ológbò," ó ní. "Dúdú ni àbí funfun?"

Mo ní aláràbarà ni, funfun, dúdú, pupa.

"Ìyẹn burú jù. N'Íbàdàn yìí? Tí ológbò bá dé fìlà jókòó sí tésàn, o rò pé ta ni yóò wọ ọkọ̀ náà?"

Ìyá oníláfún ló rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Ó ṣẹlẹ̀ pé bí mo ṣe ń bá a rẹ́rìn-ín ni mo fa téèpù yọ, mo ní kí n wọn irin Lálúpọn náà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá náà. Ó dìde, ó ti ń ká etí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ti fẹ́ wó o ni?"

Ó gba àkókò kí n tó yí i lọ́kàn padà. Lójú rẹ̀, àlejò tó na téèpù sílẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, ọ̀dà pupa ló kù tí yóò fi kọ nọ́ńbà sára ògiri, katakata sì ni yóò tẹ̀ lé e. Mo fi WhatsApp hàn án, mo fi àwòrán Kareigawa hàn án. Ó fi ìka fa á tóbi, ó wo àga onígi tó wà nínú yàrá ìdúró, tí wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sí. "Kò sẹ́ni níbẹ̀, wọn ò sì jí tìmùtìmù yìí?" Mo ní àwọn ará àdúgbò ló ń gbá ibẹ̀, pé lópin ọ̀sẹ̀ wọ́n máa ń ta oúnjẹ nínú páálí níbẹ̀, tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ojú rẹ̀ tún tàn. Oúnjẹ wo ni? Mo ní ìrẹsì ni, pẹ̀lú ànàmọ́ díndín àti olú. Ó ní olú wà ní Lálúpọn, ìrẹsì wà, ànàmọ́ sì ni ìyẹn tó wà lóko yẹn. Bàbá ní àṣé kò ku nǹkan kan mọ́. Kí n ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ránṣẹ́.

Ìyá oníláfún bá mi di téèpù mú nígbẹ̀yìn. Íǹṣì 42. Mo ya fọ́tò rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìyá náà tí láfún funfun mọ́ ọn ní ìka.

Nígbà tí mo fi padà dé Bódìjà, ilẹ̀ ti ṣú, aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé. N kò rí i títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, kò sì gba téèpù rẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́: ó wọn ìbàdí mi níbẹ̀ lójú gbogbo aláta, mo sì ti san àsansílẹ̀ ṣòkòtò méjì kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé yẹn, mo fi fọ́tò téèpù ránṣẹ́ sí Kagoshima. Mo kọ ọ́ sí i pé ìwọ̀n kan náà ni tiwa àti tiyín. Bí o bá dé Kareigawa lọ́la, mú téèpù dání, wọn tìrẹ náà, kí a fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣáájú wa. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ Sọ́ńdè, èsì rẹ̀ ti dé. Òun nìkan ló wà ní tésàn, ó ti ra oúnjẹ páálí, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀kalẹ̀ sójú irin, òfin wọn kò gbà á. Fọ́tò kan tẹ̀ lé e, irin méjì láàárín koríko tí wọ́n gé, wọ́n ń dán bí abẹ. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ pé: "Ọkọ̀ ń bọ̀."